Kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́ wọ igbó, ẹ yẹ ṣéènì rẹ̀ wò

Alẹ́ Fúráìdè ló dára jù láti ṣe é. Bó bá di àárọ̀ Sátidé, tí àwọn ẹgbẹ́ yín ti ń pè pé àwọn ti dé Dutse ní Àbújá, ohunkóhun tí ẹ bá rí lẹ ó máa sọ pé "kò burú". Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe Márúwá.

Ẹ kọ́kọ́ nù ún. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa ọ̀nà Ushafa máa ń lẹ̀ mọ́ epo ara ṣéènì, á sì máa pọ́n irin bí òkúta ìpọ́nbẹ. Kí ẹ wá da epo mìíràn lé e, ẹ kàn ń bọ́ ọ ni. Ẹ fi àkísà tó gba kẹrosíìnì díẹ̀ di ṣéènì mú, kí ẹ máa yí pẹ́dà sẹ́yìn títí yóò fi mọ́. Kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ ta sára irin bíríkì. Kò ní mú mọ́.

Bó bá ti mọ́, ẹ tún rọra yí pẹ́dà sẹ́yìn, kí ẹ tẹjú mọ́ àwọn wíìlì kéékèèké ẹ̀yìn. Ojú ṣéènì tí kò bá ká níbẹ̀, tó fò tọ́í, ó ti gan nìyẹn. Ẹ kán epo sí i, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó bá ti sán, ẹ má gbé e jáde. Mo gbé irú rẹ̀ jáde rí. Ó já lórí òkè, mo sì ti kẹ̀kẹ́ dé Bwari, táwọn ọmọdé ń kí mi ní "sannu" lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, rúlà. Ẹ fa ṣéènì le, kí ẹ fi òdo rúlà sí àárín ìṣó kan nínú àwọn tó so ojú ṣéènì pọ̀, kí ẹ ka ìṣó 24 síwájú. Íńṣì 12 géérégé ni ti tuntun. Bó bá fi ìdá kan nínú 16 íńṣì lé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí eyín jíà ló kàn tí yóò jẹ, jíà sì wọ́n ju ṣéènì lọ. Eyín tó bá ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ti lọ nìyẹn.

Ẹ mi apá pẹ́dà wò. Bó bá ń yẹ̀, ẹ fún bọ́ọ̀tù rẹ̀ le. Ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́: bí irin tó gbé wíìlì kéékèèké bá tẹ̀ sínú, yóò wọ sípóòkù lọ́jọ́ kan.

Ẹ wá kán epo, ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ nu ti ìta kúrò. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn sókè, kí ẹ gba gbogbo jíà kọjá.

Láti ọjọ́ Bwari yẹn, ojú ṣéènì kan àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń já a kì í kúrò lábẹ́ ìjókòó mi.