Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dísáìn áàpù tó máa rọrùn lò, ẹ kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ dísáìn áàpù, mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ wo àwọn ẹ̀rọ inú ilé yín dáadáa, torí ọ̀pọ̀ àṣìṣe tó ń dààmú èèyàn lórí fóònù ló ti wà lára wọn tipẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí fíríìjì. Ọ̀pọ̀ ló ní nǹkan roboto kan nínú tí wọ́n kọ 1 títí dé 7 sí. Ẹ bi àwọn ará ilé pé 7 yẹn ńkọ́, ṣé òtútù ló ń pọ̀ sí i àbí ó ń dín kù? Wọ́n lè máa bára wọn jiyàn, ẹnìkan á ní 7 ló tutù jù, ẹlòmíì á ní rárá o, ṣebí tí nọ́ńbà bá ń lọ sókè ooru náà ló ń lọ sókè. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn fíríìjì yìí, 7 ló tutù jù, nọ́ńbà yẹn ò sì kan dígírì rárá, ó kàn ń sọ bó ṣe máa tutù tó kí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ẹ̀ tó sinmi ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ni tó ra fíríìjì ń wá ò ju kí inú ẹ̀ wà ní bíi 4°C, kí fírísà wà ní -18°C. Ká ní wọ́n kọ "tutù díẹ̀" síbí, "tutù gan-an" sọ́hùn-ún, ìjà ti parí nìyẹn. Torí náà, ẹ má gbé àmì tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìtumọ̀ ẹ̀ síwájú kọ́sítọ́mà.

Ó kan gáàsì kúkà. Ojú iná mẹ́rin, méjì níwájú méjì lẹ́yìn, àmọ́ ohun tí wọ́n ń yí tò gbọọrọ sójú kan. Ẹ fi bébà bo àwòrán kékeré tó wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí àlejò tan ti ẹ̀yìn lápá òsì, ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò o, ẹ má wo ẹnu ẹ̀. Tọ́wọ́ yẹn bá ń rábàbà, dísáìn ló lẹ́bi. Lórí áàpù, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnì wà nítòsí ohun tó ń darí.

Ohun kan wà tí kúkà ṣe dáadáa tó wù mí gan-an: ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ṣeé yí àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí aṣọ tó fara kàn án lásán má bàa ṣí gáàsì. Bó ṣe yẹ kí fífi owó ránṣẹ́ rí nìyẹn, ìka tó ṣèèṣì kàn án ò gbọ́dọ̀ tó.

Áyọ́ọ̀nù náà gbọ́n. Àmì tó-tò-tó kan jẹ́ bíi 110°C, méjì 150°C, mẹ́ta 200°C, àmì yẹn kan náà ló sì wà lára lébẹ́ẹ̀lì aṣọ, ẹ kàn máa fi wéra ni. Orúkọ tẹ́ ẹ bá pe nǹkan ní ojú ìwé kan, ẹ pè é bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tiyín tán, ẹ gbé fóònù fún ẹni tí ò rí áàpù náà rí, ẹ ní kó fi ₦500 ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì panu mọ́. Ibi tí ìka ẹ̀ bá ti dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.