Yúrò 70 tí mo fi ra ohun ọ̀fẹ́: bí mo ṣe kó lọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní Valencia

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ráhùn ná. Ní Spéìn, ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba, kéèyàn tó lè fojú kan òṣìṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti gba ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Cita ni wọ́n ń pè é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, tí mo sọ pé ojú mi ti là, mo ka yúrò 70 sọ́wọ́ ọkùnrin kan nítorí cita yẹn. Ohun tó sì fún mi, kò wúlò fún nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Mo kọ̀wé, wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ́ wọn níṣẹ́ lójú kámẹ́rà, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló gba ìwé àṣẹ iṣẹ́, èmi gba fíìsà. Ẹni tó bá ti gba fíìsà rí mọ bó ṣe ń lọ. Ẹyọ kan ni màá fà yọ níbẹ̀: ìwé dókítà. Dókítà kọ ọ́ pé ara mi le koko, ó lu òǹtẹ̀, mo gbé e lọ, wọ́n dá a padà. Wọ́n fẹ́ kó wà nínú ìwé náà pé n kò ní àrùn tó lè kó bá ìlera ará ìlú, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2005 ṣe là á sílẹ̀. Bí gbólóhùn yẹn ò bá sí níbẹ̀, ara yín ì báà le bí òkúta, wọn ò ní gbà á.

Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni mo dé Valencia, nígbà tí ìdajì ìlú ti kó lọ sétí òkun. Mo ti ka òfin ilé gbígbà wọn kí n tó gbéra. Mo mọ̀ pé owó oṣù kan ni onílé lè gbà sílẹ̀ bíi fianza, ìyẹn owó ìdógò, mo sì mọ̀ pé láti oṣù karùn-ún ọdún yẹn, onílé ló ń sanwó ejẹ́ńtì, kì í ṣe ayálégbé. Nígbà tí mo rí ilé tó jẹ́ yúrò 850 lóṣù, mo ti ṣírò 1,700 sílẹ̀. Ejẹ́ńtì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àdéhùn tiwa kì í ṣe ti ilé gbígbé, de temporada ni, ti sáà, oṣù mọ́kànlá. Nínú irú èyí, fianza di oṣù méjì, owó ejẹ́ńtì sì padà sórí mi, pẹ̀lú owó orí 21% lé e. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: 850 owó ilé oṣù àkọ́kọ́, 1,700 fianza, 1,028.50 ti ejẹ́ńtì. Yúrò 3,578.50 jáde lápò mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, n kò sì tíì gba owó oṣù kankan. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú àdéhùn tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ wo ilé. Ní tèmi, mo ti ń wo ibi tí màá gbé tábìlì sí kí n tó bèèrè.

Onílé yìí kan náà ló ní kí n má fi àdírẹ́sì òun forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn empadronamiento. N kò bá a jà. Mo mú ìwé àdéhùn mi lọ sí ayuntamiento, wọ́n sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí n tó jókòó dáadáa, torí òfin wọn ní kí gbogbo ẹni tó bá ń gbé ìlú forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, onílé ò lè dí i. Mo rin ìrìn akin padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo ti mọwọ́ wọn.

Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Fíìsà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà kò tó. Káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní TIE, òun gan-an ni ìwé ìgbélùú. Látọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fi orúkọ ẹni sílẹ̀ ní Seguridad Social, ètò ìjọba fún ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́, oṣù kan péré ni òfin fún ẹni láti lọ tẹ̀ka fún káàdì yìí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fi tèmi sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù EX-17, mo ti kọ ọ́. Owó ìjọba, bíi yúrò 16 lórí ìwé 790 código 012, mo ti san án ní báńkì. Fọ́tò wà, ìwé ayuntamiento wà. Ó ku cita.

Mo ṣí ìkànnì náà láago méje àárọ̀. Mo yan ìpínlẹ̀, mo yan ọ́fíìsì, mo yan títẹ̀ka, mo kọ nọ́ńbà NIE mi, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún àjèjì. En este momento no hay citas disponibles. Kò sáyè báyìí. Mo padà síbẹ̀ lọ́sàn-án, kò sáyè. Lálẹ́, kò sáyè. Nígbà míì, bí mo bá ti ń pààrà ibẹ̀ jù, ìkànnì náà á lé mi síta pátápátá, ó di wákàtí mélòó kan kó tó tún dá mi lóhùn. Ó wá dà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tó ń gbóhùn èèyàn nínú ẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án, ó ṣí. Ẹ gbọ́ o, ó ṣí! Ìsinmi ọ̀sán ni, mo wà ní yàrá físíìsì, kọ̀ǹpútà wà níwájú mi. Ó gbé ọjọ́ mẹ́ta síwájú mi, mo mú ọ̀kan. Ó ní kí n kọ nọ́ńbà tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Fóònù mi wà nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́, torí ilé ẹ̀kọ́ wa kì í fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ tíṣà nínú kíláàsì. Mo ki eré mọ́lẹ̀. Mo já àtẹ̀gùn méjì-méjì, mo ya àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń wò mí bíi pé iná ń jó níbì kan. Nígbà tí mo fi padà dé, ìkànnì ti ní àkókò mi ti tán. Ìka mi ń gbọ̀n lórí bọ́tìnnì. Mo tún un ṣe, kò sáyè.

Mo lọ bá akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́. Ó ní àṣẹ iṣẹ́ ni tiwọn, ọ̀rọ̀ káàdì, tara mi ni. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní paciencia. Sùúrù wo, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni ọjọ́ ń lé bọ̀! Ká ní mo ti gbọ́n ni, ṣáájú kí n tó fọwọ́ síwèé ni ǹ bá ti bi wọ́n léèrè ẹni tó máa ṣètò káàdì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn nìyẹn. Locutorio ni, ibi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè. Bébà kan wà lára gíláàsì iwájú ẹ̀, wọ́n kọ CITAS sí i gàdàgbà-gadagba. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní yúrò 70, kí n gbé ìwé ìrìnnà mi wá kóun ya fọ́tò ẹ̀. Mo mọ̀ dájú pé irú wọn ló ń fa ọ̀wọ́n cita: wọ́n á fi kọ̀ǹpútà gbá a kó bó bá ṣe ń jáde, wọ́n á wá tà á fún wa. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí ọlọ́pàá Spéìn ti mú èèyàn lórí ẹ̀. Mo mọ̀, mo sì san án.

Ọjọ́ 26 ni cita náà bọ́ sí. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú fáìlì mi. Ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wo bébà náà, ó fi bíírò sàmì sábẹ́ ìlà kan, ó dá a padà fún mi. Cita náà kì í ṣe ti títẹ̀ka. Ti àwọn tó ń wá nọ́ńbà NIE ni, nọ́ńbà tó ti wà lára fíìsà mi látilẹ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà ní cita ni mo ní òun fẹ́ rà, cita lòún sì tà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nílùú yẹn ni mo rojọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Àbúrò, ta ló ní kó o jókòó ti Valencia nìkan?"

"Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ kọ́ ni mò ń gbé ni?"

"Gandía ńkọ́? Sagunto ńkọ́? Ìpínlẹ̀ kan náà ni. Wò wọ́n lóru, kí fóònù ẹ sì wà lọ́wọ́ ẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù, Gandía yọ. Fóònù wà lórí orúnkún mi. Ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ni wọ́n fún mi. Oṣù kan tí òfin fún mi ti kọjá ná. Mo tẹ gbogbo àwòrán ojú ìkànnì tí mo ti ń yà jáde, ewé mẹ́tàlélógún, kí n lè fi hàn pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ṣe mí. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin C-1 ní Estació del Nord, ó gbà mí tó wákàtí kan, mo ń ka ẹjọ́ tí màá rò lábẹ́nu.

Obìnrin tó gbà mí ò tiẹ̀ ṣí fáìlì yẹn. Kò bèèrè ọjọ́. Ohun kan ṣoṣo tó dí wa lọ́wọ́ ni ìka ìlábẹ̀ mi, ẹ̀rọ ò rí i kà, bóyá ẹfun pátákó ló ti bó o. Ó ní kí n fi ìka náà pa iwájú orí mi kó lè mú òróró díẹ̀. Mo pa á. Ẹ̀rọ dún. Ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ni mo lọ gba káàdì. Mo yí i síwá sẹ́yìn lójú ọ̀nà, inú mi ń dùn, títí ojú mi fi bọ́ sórí ọjọ́ tó máa kú. Ọdún kan ni wọ́n fún mi, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sì ti ń kà á bọ̀. Mo ti jẹ oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ nínú ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni wọ́n ní mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún òmíràn.