Bí a ṣe ń sọ voice note WhatsApp di MP3 tí rédíò kékeré máa gbà

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ki oríkì ìdílé wa sórí WhatsApp fún ìṣẹ́jú 14 gbáko. Bàbá mi fẹ́ máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kì í lo fóònù ńlá. Rédíò kékeré tó ń gba mẹ́mórì káàdì ni tiwọn, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ló máa ń wà. Mo da fáìlì náà sórí káàdì, mo fi rán èèyàn lọ sílé. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, rédíò yìí ò fọhùn o."

Rédíò ò bàjẹ́. Fáìlì .opus ni WhatsApp fi ń tọ́jú ohùn, bẹ́ẹ̀ èdè MP3 nìkan ni rédíò Bàbá gbọ́.

Ọdún 2012 ni wọ́n fòǹtẹ̀ lu Opus. Ó máa ń fún ohùn pọ̀ di kékeré láìjẹ́ kó dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo, ìyẹn ni voice note kì í fi í jẹ dátà púpọ̀. MP3 dàgbà jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì ló mú ".mp3" gẹ́gẹ́ bí ìrù orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1995, lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀rọ orin tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí iPhone bá gbà sílẹ̀ máa ń jẹ́ .m4a, ọ̀pọ̀ rédíò mọ́tò àtijọ́ kì í sì í gba ìyẹn náà. Bákan náà la ṣe ń yí i.

Mo ti kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ná. Mo pa .opus tó wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì rẹ́, mo kọ .mp3 dípò rẹ̀. Ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá kọ "epo pupa" sára kẹ́ẹ̀gì òróró, òróró náà ni yóò dà jáde. Fóònù àti kọ̀ǹpútà lè gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde, torí wọ́n máa ń yẹ inú rẹ̀ wò, ohun tó sì tàn mí jẹ nìyẹn: ó dún lọ́wọ́ mi, ó yadi lọ́wọ́ Bàbá.

Ẹ kọ́kọ́ wá fáìlì náà rí

Bí ẹ bá ń lo WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lára voice note náà, kí ẹ yan "Download" tàbí "Save as". Ó lè wọlé pẹ̀lú ìrù .ogg. Kò sí wàhálà níbẹ̀: Ogg ni àpò, Opus ló wà nínú àpò.

Lórí fóònù Android, ẹ ṣí ibi tí fáìlì máa ń wà, kí ẹ wọ Android, media, com.whatsapp, WhatsApp, Media, títí dé WhatsApp Voice Notes. Ẹ ó rí orúkọ bíi PTT-20240312-WA0005.opus. Ọdún, oṣù àti ọjọ́ ni nọ́ńbà àárín yẹn. Òun ni kí ẹ fi wá èyí tí ẹ fẹ́, torí orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ fi wáyà gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ fi VLC yí i

Ọ̀fẹ́ ni VLC, ètò tó ń gbé orin àti fídíò jáde; ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni ẹ máa lò; ti orí fóònù kò ní ibi ìyípadà yìí. Lórí Windows:

1. Ẹ tẹ "Media", kí ẹ yan "Convert / Save".
2. Ẹ tẹ "Add", ẹ mú fáìlì yín, kí ẹ tẹ "Convert / Save" tó wà nísàlẹ̀.
3. Níbi "Profile", ẹ yan "Audio - MP3".
4. Ẹ tẹ "Browse", ẹ sọ fáìlì tuntun náà lórúkọ, kí ìrù rẹ̀ jẹ́ .mp3.
5. Ẹ tẹ "Start".

Ẹ ò ní gbọ́ ohùn kankan. Ìlà ìsàlẹ̀ á kàn máa rìn lọ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ kó dé òpin.

Àwọn ojú ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń bá èèyàn yí fáìlì lọ́fẹ̀ẹ́. Fún orin, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀dà fáìlì yín ti dé orí kọ̀ǹpútà ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ìdílé kọ́ ni mo lè fún wọn.

Tí fáìlì bá pọ̀

Ogún voice note lè sú èèyàn nínú VLC. FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń yí fáìlì, ni mo fi ń ṣe tèmi. Kò ní bọ́tìnì kankan, ẹ ó kọ àṣẹ fún un ni (lórí Windows, inú Command Prompt ni):

ffmpeg -i oriki.opus -ac 1 -ar 44100 -b:a 96k oriki.mp3

"-ac 1" túmọ̀ sí ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo, ẹnì kan ṣá ló ń sọ̀rọ̀. "-ar 44100" ni iye ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni CD ń lò, mi ò sì tíì rí rédíò tó kọ̀ ọ́. "96k" ló ń sọ bí fáìlì ṣe máa tóbi tó. Lórí Windows, àṣẹ yìí á yí gbogbo .opus tó wà nínú fóódà kan lẹ́ẹ̀kan náà:

for %f in (*.opus) do ffmpeg -i "%f" -ac 1 -ar 44100 -b:a 96k "%~nf.mp3"

Ẹ má rò pé 320k á jẹ́ kó dún dáadáa sí i. Iṣu ló ń di èlùbọ́, èlùbọ́ kì í padà di iṣu. Opus ti gé díẹ̀ lára ohùn, MP3 yóò tún gé díẹ̀ sí i, ohun tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Orin tó wà ní WAV tàbí FLAC, irú fáìlì tí wọn ò gé ohun kankan lára ohùn rẹ̀, ló yẹ kí ẹ fún ní 192k sókè. Ìdí kan náà ni ẹ ò fi gbọ́dọ̀ pa .opus rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yí i tán: òun ni kí ẹ máa padà sí, kì í ṣe MP3. Oríkì tèmi di nǹkan bíi MB 10. Tó bá jẹ́ WAV ìwọ̀n CD ni, á tó MB 148.

Káàdì náà ńkọ́?

Bí rédíò bá ṣì yadi, ẹ fura sí káàdì tàbí fláàṣì. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà to fáìlì sórí káàdì, FAT32 ni ọ̀pọ̀ rédíò kékeré àti ti mọ́tò mọ̀. Tí káàdì bá wà ní exFAT tàbí NTFS, wọ́n lè máa ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lórí Windows, ẹ lọ sí "Properties" káàdì náà, ẹ ó rí i níbi "File system". Bí ẹ bá fẹ́ fi "Format" sọ ọ́ di FAT32, ẹ kó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò ná, torí ó máa pa á rẹ́ pátápátá.

Orúkọ fáìlì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá àwọn àbúrò mi jà nítorí àmì ohùn, 01-oriki-ile.mp3 ni mo kọ, láìsí àmì kankan, torí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè sọ àmì di àpótí òfìfo. Nọ́ńbà iwájú yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n tò bó ṣe yẹ.

Kí káàdì tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ dán an wò nínú irú rédíò tó ń lọ bá. Télọ̀ iwájú ilé wa ló ní irú ti Bàbá. Ó bá mi fi káàdì náà sí i, ó ní kí n jókòó, kò sì dá a padà fún mi títí oríkì fi tán.