Ẹ̀yin olólùfẹ́ ánímè (eré àwòrán àwọn ará Jàpáànù), bí Thermae Romae bá ti tán lọ́wọ́ yín

Kò sẹ́ni tó bi mí o, àmọ́ òpin ọ̀sẹ̀ ti ń bọ̀. Bí ẹ bá gbádùn Lucius inú Thermae Romae, ayàwòrán ilé ìwẹ̀ láyé olú ọba Hadrian ní Róòmù, tó ń rì sómi tó sì ń yọrí nílé ìwẹ̀ àwọn ará Jàpáànù òde òní, irú ẹ̀ ṣì wà.

Ya Boy Kongming! ti ọdún 2022 ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Zhuge Liang, ògbóǹtarìgì nínú ètò ogun ní Ṣáínà, tó kú lọ́dún 234, ló ṣàdédé jí ní Shibuya, àdúgbò kan ní Tokyo òde òní, lálẹ́ Halloween, táwọn èèyàn máa ń múra bí ẹlòmíì. Àwọn èèyàn rò pé ó kàn múra eré ni! Ló bá di alámòójútó Eiko, ọmọbìnrin akọrin kan tí kò tíì lórúkọ, ó ń fi ọgbọ́n ogun kó èrò wá gbọ́ orin rẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ ibi ijó kan di ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kí àwọn èrò má bàa tètè rọ́nà jáde. Mo rẹ́rìn-ín débi tí inú ń dùn mí.

Nobunaga Concerto (2014) náà dáa: Saburo, ọmọ ilé ìwé tí kò ka ìtàn sí, já bọ́ sọ́dún 1549, ó sì gbapò Oda Nobunaga, olórí ogun ní Jàpáànù ayé àtijọ́, nítorí pé wọ́n jọra. Àwòrán rẹ̀ gan díẹ̀, ẹ fara dà á.

Thermae Romae Novae, ẹ̀dà tuntun ti Thermae Romae, sì wà lórí Netflix. Ẹ má fo ìparí rẹ̀: Mari Yamazaki tó kọ ìtàn náà máa ń lọ wo àwọn ilé ìwẹ̀ gidi níbẹ̀.