Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Wọn Agbára Kẹ́míkà Tó Ń Tú Epo Ká

Ẹ má gba ojú lásán gbọ́. Bí epo rọ̀bì bá dà sí òkun, tí wọ́n fọ́n kẹ́míkà tó ń tú epo ká sí wẹ́wẹ́ lé e, tí ojú omi wá mọ́, àwọn kan á ti máa yọ̀. Epo ọ̀hún lè ti ṣàn gba ibòmíràn lọ. Àwọ̀ kọfí oníwàrà tó ń ràn lábẹ́ omi ni kí ẹ máa wá. Bí omi bá funfun bíi wàrà, kẹ́míkà ló ń ṣòfò, epo ṣì wà lókè.

Nínú yàrá ìdánwò gan-an ni wàhálà pọ̀ sí. Ìgò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọnú ni EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ń lò: omi oníyọ̀ mílílítà 120, epo máíkrólítà 100 (máíkrólítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà), kẹ́míkà máíkrólítà 4. Ẹ wo bí 4 yẹn ti kéré tó! Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn nǹkan olómi, nìkan lè ba èsì jẹ́. Wọ́n á mi ìgò náà fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n á tún gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ìgbà kejì yìí ni àwọn onísùúrù-kékeré máa ń gé kúrú. Àsìkò yẹn sì ni ẹ̀kán epo ńláńlá ń léfòó padà. Àwọn wẹ́wẹ́ tó kù nínú omi nìkan ló yẹ ní kíkà. Bí ẹ bá ń fa omi náà jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò, mílílítà 2 tó bá kọ́kọ́ jáde nísàlẹ̀ ìgò, ẹ dà á nù. Kí ẹ sì mi ìgò kan tí kò ní kẹ́míkà rárá, torí mímì fúnra rẹ̀ náà máa ń tú epo ká.

Ẹ má fi èsì ìgò yìí wé ti ìgò àtijọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán. Mímì wọn ò dọ́gba.

Epo tuntun ni ọ̀pọ̀ ń dán wò. Èyí tó ti lo ọjọ́ lójú òkun ti gba omi mọ́ra, ó ti ki bí ẹ̀kọ, kò sì rọrùn fún kẹ́míkà láti wọ̀ ọ́. Omi tí kò níyọ̀ náà máa ń dín agbára Corexit 9500, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà yìí, kù, nítorí omi òkun ni wọ́n ṣe é fún.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn rò pé kẹ́míkà tó tú epo ká dáadáa kò lè pani lára. Lọ́dún 1967, nígbà tí ọkọ̀ òkun agbépo Torrey Canyon fọ́ nítòsí Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọṣẹ olómi tí wọ́n fi lé epo náà ló pa ọ̀pọ̀ ẹ̀dá etíkun ju epo lọ.