Ẹ má tíì dáwó: ohun tó ń jẹ́ kí a máa pàdánù àwọn họ́ọ̀lù wa ní London

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún fi líǹkì ìdáwó kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Họ́ọ̀lù kan ní gúúsù London ni, wọ́n fẹ́ tì í. Ibẹ̀ la ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ la ti ń ṣe òkú àgbà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sílùú yìí ti kọ́kọ́ rí onígángan tó ń ki bàbá wọn. Mo ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ látòkè délẹ̀. Fọ́tò wà, ọ̀rọ̀ arò wà, owó sì ti ń wọlé. Ohun tí mò ń wá gan-an ni kò sí: kí ló fẹ́ ti họ́ọ̀lù náà? Ta ló nilé? Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó yẹn ṣe?

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé sípíkà kiri họ́ọ̀lù, láti Peckham, Deptford, Old Kent Road títí dé Woolwich. Ìgbìmọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti bá jókòó láti gba irú ibi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́ta ti di fúláàtì. Ó ń dùn mí, torí owó tó ń ṣègbé yìí, owó àwọn tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ nu ọ́fíìsì ni.

1. Ẹ ń dáwó kí ẹ tó ka líìsì

Nǹkan mẹ́rin ló sábà ń pa họ́ọ̀lù nílùú yìí: líìsì (ìwé àdéhùn tí a fi gba ilé), láísẹ́ńsì (ìwé àṣẹ káńsù láti ta ọtí àti láti ṣe òde orin), ariwo, tàbí kí ẹni tó nilé fẹ́ tà á. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì. Síbẹ̀, oògùn kan náà la máa ń gbé jáde fún gbogbo rẹ̀, ìyẹn owó.

Họ́ọ̀lù kan wà tó wà lókè ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó o jẹ lanlọ́ọ̀dù ní gbèsè rẹ́ǹtì oṣù mélòó kan, a sì pinnu pé kò ní ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dáwó. Agolo bisikíìtì là ń gbé yí ká lóde, à ń kọ orúkọ sínú ìwé. Màmá kan, ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, mú ogójì pọ́n-ùn wá nínú àpòòwé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti fi báírò fa igi lé "Ìdámẹ́wàá", wọ́n kọ "Fún họ́ọ̀lù" sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi lé.

A san gbèsè náà tán. A ṣe òde ìdúpẹ́. Oṣù méje lẹ́yìn náà, líìsì parí, lanlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n kó jáde, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Òfin kan wà ní England àti Wales, Landlord and Tenant Act ti 1954. Bí òfin yìí bá bo líìsì yín, pé ọjọ́ rẹ̀ pé kò ní kí ẹ kó jáde. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún tuntun, lanlọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin mọ̀ kó tó lè kọ̀, bíi kó fẹ́ wó ilé náà kó tún un kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lè fẹnu kò kí líìsì tó bẹ̀rẹ̀ pé òfin yẹn kò ní bò ó. Lanlọ́ọ̀dù á fún ayálégbé ní ìwé ìkìlọ̀, ayálégbé á buwọ́ lùwé pé òun ti kà á, òun sì gbà. Ó parí náà nìyẹn. Ìwé yẹn wà nínú fáìlì wa, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn líìsì. Èmi fúnra mi ni mo ṣí fáìlì náà, mo ṣí i kọjá, mò ń wá ojú ewé tí iye rẹ́ǹtì wà. A dáwó san gbèsè fún ẹni tó ti mọ ọjọ́ tó máa gba ilé rẹ̀.

Mo pàdé Màmá ní Rye Lane, níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, họ́ọ̀lù wa ńkọ́?" Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ lójú ọjà. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dá kọ́bọ̀, ẹ gba ẹ̀dà líìsì. Ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Ẹ wò ó bóyá òfin 1954 bò ó. Ẹ wò ó bóyá gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó fún lanlọ́ọ̀dù láyè láti gba ilé ṣáájú ọjọ́ náà bó bá fẹ́ kọ́ tuntun. Bí ìwé náà bá ta kókó, owó lọ́yà wákàtí kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dá. Ẹ lọ sí Land Registry pẹ̀lú, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó nilé. Owó kékeré lẹ máa san láti mọ ẹni tó nilé gan-an. Mo ti rí ìgbìmọ̀ tó fi oṣù mẹ́ta bẹ máníjà tí kò lágbára kankan lórí ilé náà.

2. Ìbuwọ́lù ẹgbàárùn-ún láti Lagos àti Houston

Bí ọlọ́pàá tàbí aládùúgbò bá ní kí káńsù yẹ láísẹ́ńsì wò, ọjọ́ 28 lẹ ní láti kọ̀wé. Àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ohun mẹ́rin péré ni Licensing Act ti 2003 ní kí wọ́n wò: dídènà ìwà ọ̀daràn àti rúgúdù, ààbò ará ìlú, dídènà ìyọlẹ́nu fún àdúgbò, àti ààbò àwọn ọmọdé. "Ibí ni mo ti ṣègbéyàwó" kò sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́tà ogún péré láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ní òpópónà yẹn, tí kálukú sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa ń sin èrò dé ibùdókọ̀, pé òun kò gbọ́ ìjà rí níbẹ̀, tẹ̀wọ̀n ju ẹgbàárùn-ún orúkọ àwọn tó buwọ́ lùwé láti Lagos àti Houston, tí wọn kò dé Peckham rí. Bí káńsù bá gba láísẹ́ńsì náà padà, ọjọ́ 21 ni ẹni tó ni í ní láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹ rántí Fabric, ilé ijó alẹ́ tó wà ní Farringdon. Ní September 2016, káńsù Islington gba láísẹ́ńsì wọn lẹ́yìn tí oògùn olóró pa ọ̀dọ́ méjì. Àwọn tó buwọ́ lùwé lé ní 150,000, owó tí wọ́n dá lé ní £300,000. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni wọ́n dá owó yẹn fún, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n bá káńsù ṣe ló ṣílẹ̀kùn padà ní January 2017: ẹni tí kò bá tó ọdún 19 kò ní wọlé lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ á máa yẹ káàdì ìdánimọ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà, kámẹ́rà á pọ̀ sí i. Ẹ ti kọ irú àdéhùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó dé iwájú ìgbìmọ̀ káńsù.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà bẹ̀rẹ̀. N kò sọ pé irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá London fi lo fọ́ọ̀mù 696, ìwé tí wọ́n ń ní kí àwọn tó ń ṣètò òde orin kọ́kọ́ kọ fún ọlọ́pàá, tí àwọn olórin wa ń pariwo pé àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ń dí lọ́wọ́, kí wọ́n tó pa á tì ní November 2017. Àmọ́ ẹ̀rí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè: ọjọ́ tí wọ́n fagi lé òde, ìdí tí wọ́n sọ, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá ní àkọsílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lónìí.

3. Ẹ ti sọ aládùúgbò di ọ̀tá

Béèsì, ìyẹn ìró orin tó rinlẹ̀ jù, kì í gba etí wọlé, ògiri ló ń gbà. Bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì wà tí ògiri rẹ̀ kan ti họ́ọ̀lù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa là ń bú u, torí kò yéé kọ̀wé sí káńsù. Ní Sátidé kan, mo fi ọmọ iṣẹ́ mi ti ẹ̀rọ, mo lọ kanlẹ̀kùn. Bàbá náà mú mi wọ yàrá tó ń sùn. Gángan kò dé ibẹ̀, ohùn akọrin kò dé ibẹ̀. Àmọ́ ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ti dún báyìí, omi á ká roboto láàárín ife. Ohun tó ń bá sùn láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Mo padà lọ gbé sípíkà béèsì kúrò lára ògiri yẹn, mo gbé e lé rọ́bà tó nípọn, mo gé ìró béèsì tó rinlẹ̀ jù, èyí tó wà nísàlẹ̀ 60 Hz, dànù. Àwọn tó ń jó kò mọ̀. Bàbá náà kò kọ̀wé mọ́. Owó rọ́bà yẹn kò tó owó aṣọ ìpolongo tí àwọn ìgbìmọ̀ ti tẹ̀.

Ti fúláàtì tuntun yàtọ̀ o. Ẹni tó bá wá kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀lù tó ti wà níbẹ̀, òun ló yẹ kó náwó sí dídènà ariwo. Agent of change ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú ìlànà ìkọ́lé England láti 2018, ó sì wà nínú London Plan ti 2021. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ń tọrọ àṣẹ ìkọ́lé ni kí ẹ sọ ọ́. Bébà ìkéde tí káńsù máa ń so mọ́ òpó iná, ọjọ́ 21 ni wọ́n sábà ń fún ará àdúgbò láti fèsì sí i. A gbé kúlà ìrẹsì kọjá lábẹ́ ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí ẹni tó dúró kà á.

Ọ̀pọ̀ yín tún gbà pé bí káńsù bá ti kọ orúkọ ilé sínú àkọsílẹ̀ Asset of Community Value, ìyẹn àwọn ilé tó ṣe pàtàkì fún àdúgbò, ó tán. Kò tán. Lábẹ́ Localism Act ti 2011, ará àdúgbò mọ́kànlélógún tí orúkọ wọn wà nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò lè béèrè fún un, ó sì ń lo ọdún márùn-ún. Bí onílé bá wá fẹ́ tà, ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti sọ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ sí i. Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ pé láti ọjọ́ tó ti kéde kó tó lè tà á fún ẹni tó bá wù ú. Kò pọn dandan kó tà á fún yín. Kò kan rẹ́ǹtì, kò kan líìsì tó parí. Àkókò ló fún yín.

Àwọn ará Nunhead mọ ohun tí wọ́n fi àkókò tiwọn ṣe. Ivy House, ilé ọtí tó ní gbọ̀ngàn orin lẹ́yìn, ni ilé ọtí àkọ́kọ́ ní gbogbo England tó wọ àkọsílẹ̀ yẹn. Ní 2013 ni wọ́n rà á ní £810,000. Ẹ wo bí owó náà ṣe jọ: ènìyàn 371 ra ìpín, nǹkan bíi £140,000 nìyẹn, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ̀yáwó àti owó ìrànwọ́ ló gbé ìyókù, látọ̀dọ̀ àwọn bíi Architectural Heritage Fund. Ìpín ni wọ́n tà, wọn kò gbé agolo yí ká. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a mọ̀ nílé náà ló rí: bó o fi ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn sí i, bó o fi ẹgbẹ̀rún sí i, ìbò kan ni kálukú ní. Orúkọ rẹ wà nínú ìwé, wọ́n á sì sọ fún ọ látìbẹ̀rẹ̀ pé owó náà lè bá okòwò lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ rántí Ilojo Bar ní Tinubu: ilé Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ títí di ọjọ́ tí katakátá dé.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé. Ẹ má fi owó ìlú sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ má tẹ aṣọ kí ẹ tó san lọ́yà. Ẹ má dúró de káńsílọ̀ tó bá yín jó lóde ìdìbò. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi owó ṣe sílẹ̀, bí wọ́n bá padà ti họ́ọ̀lù náà pa; ẹ kọ ọ́ kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ pe Music Venue Trust, àjọ tó ń gbèjà àwọn ibi orin kéékèèké, bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọrin ojúkojú; láti 2014 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tó kù ló wúwo jù lọ́kàn mi. Mo máa ń fi orúkọ àwọn tó buwọ́ lùwé wé ìwé ọjọ́ tí họ́ọ̀lù fi ń gba òde. Púpọ̀ nínú wọn kò gba ibẹ̀ fún ohunkóhun láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti gbé òde wọn lọ sí ibi tó dín owó díẹ̀. Họ́ọ̀lù ẹ̀kẹrin, èyí tó ṣì dúró nínú mẹ́rin tí mo sọ, dáyárì ló gbà á là. Aǹtí tó ń bójú tó o máa ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó bá ṣèlérí, ó ń fi báírò kọ ti ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀. Nígbà tí lanlọ́ọ̀dù ní òun kò rí i pé ibẹ̀ lè san rẹ́ǹtì tuntun, Aǹtí gbé dáyárì náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ìdílé méjìlá ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú báírò títí di ọdún tó ń bọ̀. Líìsì ọdún mẹ́wàá ni wọ́n buwọ́ lù, òfin 1954 sì bò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́bọ̀ àti ọ̀sán Sunday ló ṣì ṣófo níbẹ̀ títí di December.