Nígbà Tí Ẹ̀jẹ́ Bá Kọlu Ẹ̀jẹ́: Bí A Ṣe Ń Dán Paladin Wò Láìdẹ Pańpẹ́ fún Un

Paladin ni jagunjagun mímọ́ inú géèmù àfẹnusọ tí àwọn ọ̀rẹ́ jọ ń jókòó ṣe, ẹni tí agbára rẹ̀ so mọ́ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́. Bí adarí eré, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, bá fẹ́ dán irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò, pańpẹ́ ló sábà máa ń dẹ. Bí àpẹẹrẹ, bó pa ọmọdé kan, ó rú ẹ̀jẹ́. Bí kò pa á, ìlú jóná, ó tún rú ẹ̀jẹ́. Ẹjọ́ tí a ti dá kí wọ́n tó pe ẹlẹ́jọ́ nìyẹn. Ọ̀ràn tó dára máa ń mú kí ohun méjì tí jagunjagun náà fúnra rẹ̀ búra lé lórí forí gbárí. Ọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Òfin àtijọ́ ló bí àṣà pańpẹ́ yìí. Nínú Dungeons & Dragons ti 1978, paladin tó bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà ibi pàdánù ipò rẹ̀ títí láé; bó bá jẹ́ ìwà tó kàn lòdì sí ètò ni, ó gbọ́dọ̀ lọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà tó ti dé ipele 7 (ipele ni ìwọ̀n agbára ẹ̀dá-ìtàn) ó kéré tán, kó sì ṣe ìrònúpìwàdà. Ẹ̀dà ti 2000 fàyè gba ìpadàbọ̀ nípasẹ̀ idán ètùtù. Ti 2008 kò gba agbára náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ti 2014 gbé ọ̀rọ̀ náà ka ìbúra tí paladin ń ṣe ní ipele 3. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ẹ̀jẹ́ ló kọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí olùṣeré kọ ìlà mẹ́ta sí márùn-ún, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ohun tí ojú lè rí. "N óò jẹ́ ẹni rere" kò wúlò, torí ẹ lè jiyàn lé e títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. "N kò ní pa ẹni tó ti ju ohun ìjà sílẹ̀" wúlò: yálà ó pa á tàbí kò pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ to àwọn ìlà náà bí wọ́n ṣe wúwo sí. Ẹ̀dà kejì Pathfinder, géèmù mìíràn irú èyí, tó jáde ní 2019, ti fi èyí sínú òfin: bí ìlànà méjì bá ta kora, èyí tó wà lókè ló borí. Ẹ yá a lò, kódà bó bá jẹ́ géèmù mìíràn lẹ ń ṣe.

Ìlà méjì tó tẹ̀ léra ni kí ẹ mú, bíi ìkejì àti ìkẹta. Bí ẹ bá gbé ìkíní ko ìkarùn-ún, ìdáhùn ti hàn kí ẹ tó la ẹnu.

Ká ní ìlà kejì sọ pé: n kò ní pa ẹni tó ti túúbá, n kò sì ní fi í sílẹ̀ kó kú. Ìlà kẹta: n óò gbèjà aláìlágbára. Olórí ìgárá kan túúbá nínú igbó òjò dídì, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun yóò kọlu abúlé kan ní wákàtí mẹ́jọ sí i. Ìrìn wákàtí mẹ́fà ni abúlé náà. Bí wọ́n bá ń wọ́ ẹlẹ́wọ̀n tó ń fa ẹsẹ̀, ó di mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá dè é mọ́ igi, òtútù yóò pa á. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ó mọ ọ̀nà àbùjá, yóò sì lọ ta àwọn èèyàn rẹ̀ lólobó.

Àwọn nọ́ńbà yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Wákàtí kan péré ni ẹlẹ́wọ̀n náà fi mú wọn pẹ́, nítorí náà ọgbọ́n ṣì lè ràn wọ́n lọ́wọ́: kí wọ́n gbé e ka ẹṣin paladin, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ mú un gba ọ̀nà mìíràn lọ. Àwọn yòókù á débẹ̀ lásìkò, àmọ́ ẹnì kan á dín lójú ogun, paladin á sì jà láìlẹ́ṣin. Bí ẹ bá kọ ogún wákàtí dípò mẹ́sàn-án, ó ti di pańpẹ́. Bí ẹ bá kọ méje, kò sí ọ̀ràn kankan níbẹ̀.

Olùṣeré gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń yàn. Ìpinnu inú òkùnkùn, tẹ́tẹ́ ni. Bí ẹlẹ́wọ̀n yẹn bá ń purọ́, ẹ fi àmì kan sílẹ̀ tí ẹni tó bá fara balẹ̀ lè rí.

Idán tó ń tú àṣírí ibi náà máa ń ba ìdánwò jẹ́. Ní ẹ̀dà 2000, paladin lè fi wá ibi dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 60 nígbàkigbà tó bá wù ú. Agbára tó rọ́pò rẹ̀ ní 2014 kò mọ ìwà ọmọ ènìyàn. Nínú gbogbo ẹ̀dá, ẹ̀dá ọ̀run, ẹ̀mí àìmọ́ àti òkú tó ń rìn nìkan ló ń rí. Ẹ má fòfin de idán náà. Ẹ fi ẹni tí kì í ṣe ìkà síbẹ̀, bíi ìyá tó ta àlejò fún ọ̀tá kí ọmọ rẹ̀ lè yè. Kò sí idán tó máa sọ ohun tó yẹ ká ṣe sí i.

Ọ̀ràn tó lókìkí jù fún bíba eré jẹ́ ni ti àwọn ọmọ goblin, iwin kékeré tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀tá nínú géèmù: ẹgbẹ́ ṣẹ́gun ihò, wọ́n bá ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, àríyànjiyàn sì gba gbogbo alẹ́. Ohun tó ń fà á ni pé adarí eré kò tíì pinnu bóyá wọ́n ń bí ibi mọ́ goblin nínú ayé rẹ̀. Ẹ pinnu rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé àkọ́kọ́, àbí kí ẹ má fi ọmọ sínú ihò.

Nígbà tó bá dójú ẹ̀, ẹ sọ ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ná an síta: "Bí o bá dè é síbẹ̀, o mọ̀ pé òtútù á pa á." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún àpérò, lẹ́yìn ìyẹn, kí ilẹ̀ máa ṣú nínú géèmù. Ẹ má sì jẹ́ kí dáìsì yàn fún un. Ẹ̀jẹ́ rẹ̀ kò de àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ o. Bí ẹ kò bá sọ èyí, á di ọlọ́pàá ẹgbẹ́, inú á sì máa bí gbogbo èèyàn. Irú ọ̀ràn yìí kan nínú ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó.

Bó bá wá rú ẹ̀jẹ́, àmì ni kó kọ́kọ́ rí: idà mímọ́ rẹ̀ kò tàn mọ́ nígbà àdúrà, ṣùgbọ́n kò tíì pàdánù nǹkan kan. Bó bá tún rú u lẹ́ẹ̀kejì, kí agbára kan ṣoṣo, bíi ìwòsàn, dákẹ́ títí yóò fi ṣe àtúnṣe tó bá ẹ̀ṣẹ̀ náà mu. Ẹni tó fi ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kó kú, kó gbé òkú náà lọ fún ẹbí rẹ̀. Kó kàn san owó fún tẹ́ńpìlì kò tó. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kẹ̀yìn sí ìlà kìíní nìkan ni gbogbo agbára ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn wọn ṣubú. Ẹ bi wọ́n níkọ̀kọ̀. Bí wọ́n bá gbà, ìwé adarí eré ti 2014 ní ẹ̀yà kan fún paladin tó ti rú ìbúra. Ẹ jọ yan ìjókòó tí yóò ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì ti kọ agbára tuntun rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kó má baà wá jókòó lásán nígbà tí àwọn yòókù ń jà.